Ìyá Àyẹ̀wò àti Àwo Òkú Amùjẹ̀

Obìnrin kan wà tí àwọn tó ń ta ohun èlò ilé máa ń sá fún bí òròmọdìẹ ṣe ń sá fún àṣá. Kì í jà, kì í sì í jalè. Kẹ́tùlù ló máa ń gbé sókè wò. Yóò gbé e sókè, yóò yí i po, yóò fi ìka kan ìdí rẹ̀ gbọ́ bó ṣe dún, yóò wá bi ẹni tó ń tà á pé, tó bá já bọ́ ńkọ́? Kí onítọ̀hún tó la ẹnu, kẹ́tùlù ti wà nílẹ̀. Ìyá Àyẹ̀wò ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Nígbà tó wà lọ́mọge, ilé ìtajà ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ìkòkò àti áyọ́ọ̀nù. Iṣẹ́ náà ì bá tọ́jọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í gba irọ́. Bí oníbàárà bá bi í bóyá ìkòkò kan dára, á ní ìdérí rẹ̀ ń jò, ibi tí wọ́n máa dì mú lára rẹ̀ á jó wọn lọ́wọ́, kí wọ́n lọ ra ti ilé ìtajà òdìkejì. Ọ̀gá rẹ̀ fara dà á títí, ara kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n lé e, obìnrin kan dúró nídìí káńtà tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọkọ obìnrin náà ló sì ni ìwé ìròyìn ìlú. Bí Ìyá Àyẹ̀wò ṣe dé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn nìyẹn. Wọ́n fún un ní igun ojú ewé kan tí wọ́n pè ní Ohun Inú Ilé, pé kó máa sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára.

Láti ìgbà náà, kí ni wọn ò tíì gbé wá bá a? Ó ti fò lórí bẹ́ẹ̀dì kó lè mọ̀ bóyá ó lágbára. Ó ti ti orí bọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ kó lè gbọ́ bó ṣe ń pariwo sí, ọṣẹ ni wọ́n fi yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé pańpẹ́ eku wá, ìka ara rẹ̀ ló fi dán an wò. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ohun tí òun ò bá fojú ara òun rí, òun ò ní kọ ọ́. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ó kọ ọ̀rọ̀ yẹn gàdàgbà sára ògiri lókè tábìlì rẹ̀, ó sì máa ń fi han àwọn tó bá fẹ́ fi ẹnu lásán ta ọjà fún un.

Ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe le tó tí kò ní ibi tó ti rọ̀. Ti Ìyá Àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ ni. Bó bá rí ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń lọ gbalaja. Ìgbà kan tí ọkọ rẹ̀ ń fá irùngbọ̀n tó ṣèèṣì fi abẹ ha ara rẹ̀ ní àgbọ̀n, ọkọ tó fara pa ló sáré gbé ìyàwó tí kò fara pa, tòun ti ọṣẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn aládùúgbò tó yọjú wò wọ́n kò mọ èwo nínú wọn ni kí àwọn kí.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọkùnrin tó ń kọ̀wé nípa fíìmù ní ilé iṣẹ́ náà bínú kúrò, torí pé wọ́n gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó fi àwo fíìmù kan sílẹ̀ lórí tábìlì. Fíìmù ọ̀hún ti kọ́kọ́ jáde ní sinimá, wọ́n wá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sínú àwo kí èèyàn lè máa wò ó láti orí àga ara rẹ̀, àwọn tó ṣe é sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún àwọn òǹkàwé. Olóòtú yí i po lọ́wọ́, ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ó wà fún wíwò nínú ilé. Ó ní ohun inú ilé mà ni èyí náà, ó sì gbé e lọ bá Ìyá Àyẹ̀wò.

Ìyá Àyẹ̀wò wo àwòrán iwájú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó funfun bí ẹ̀fun, tó wọ aṣọ dúdú gbọọrọ, tí eyín méjì sì yọ sí i létè bí ti ehoro tó dàgbà sódì. Orúkọ fíìmù náà ni Ẹni Tí Sàréè Kọ̀. Ó béèrè irú èèyàn tí eléyìí jẹ́. Olóòtú ṣàlàyé fún un pé òkú ni, òkú tí kò gbà pé òun ti kú, tó ń jáde nínú pósí lóru láti lọ mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Amùjẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Tábìlì ni Ìyá Àyẹ̀wò dì mú. Ó wù ú kó dá a padà, àmọ́ kò dá ohunkóhun padà láìyẹ̀ ẹ́ wò rí. Ó fi àwo náà sínú àpò, ó dojú àwòrán rẹ̀ bolẹ̀, ó gbé e lọ sílé.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Olùkéde, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Òun kọ́ ló ń wa ọkọ̀. Òun ló ń jókòó sí yàrá kékeré kan ní ibùdókọ̀, tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ fún àwọn èrò ibi tí ọkọ̀ dé. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin lórí búrẹ́dì gbígbóná, ọkọ̀ ibẹ̀ kì í sì í tètè dé. Nítorí náà, iṣẹ́ tí bàbá yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe kò ju pé kó máa fi ohùn dídùn sọ ọ̀rọ̀ tí kò dùn. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ sínú igbó, á ní ọkọ̀ yín ń sinmi díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọjá lọ láìdúró, á ní ẹ ti láǹfààní láti wọ èyí tó dára jù ú lọ. Àwọn èrò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á padà jókòó lé ẹrù wọn. Àtìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò rí ẹni kéde nǹkan fún mọ́. Bí tíì bá ń hó lórí iná, á kéde rẹ̀. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, á kéde àlejò náà fún àlejò fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, tí oòrùn mú ganrínganrín, tọkọtaya náà jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Àpótí tí àwo náà wà nínú rẹ̀ ni Ìyá Àyẹ̀wò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Ó jù ú sílẹ̀ láti orí tábìlì. Ó jókòó lé e, ó sì yí ìdí po lórí rẹ̀. Ó rì í sínú bàsíà omi, ó yọ ọ́, ó gbọn omi ara rẹ̀ nù. Àwo náà ṣì ń dán bíi dígí. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ká ní fíìmù náà ò sí nínú rẹ̀ ni, àwo gidi ni.

Wọ́n fi àwo sínú ẹ̀rọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹnubodè irin ńlá kan ló kọ́kọ́ hàn, ó dún kíríííí. Kí ẹnubodè tó ṣí tán, táwẹ̀lì ti wà lórí Ìyá Àyẹ̀wò. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ nípa táwẹ̀lì yẹn nígbà kan pé ó ki débi pé ìmọ́lẹ̀ ò lè gba inú rẹ̀ kọjá, òótọ́ ló sì kọ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, àmọ́ wọn ò sọ ti ẹni tó da táwẹ̀lì borí.

"Bàbá wọn," ó sọ lábẹ́ táwẹ̀lì, "ojú yín ni ojú mi lónìí. Ohun tí ẹ bá rí gẹ́lẹ́ ni kí ẹ máa sọ."

Bàbá Olùkéde wú ikọ́. Ojú rẹ̀ tàn bí iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú padà wá. Ó dára pé ó wà níbẹ̀, torí èdè òkèèrè kan ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ sísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá la ojú, ariwo lásán ló máa gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù. Ó ní ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń rìn nínú ọgbà. Ilé ńlá kan wà níwájú. Ọkùnrin aláṣọ dúdú kan dúró lójú fèrèsé, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Títí débẹ̀, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ìgbà náà ni ọkùnrin náà la ẹnu, tí eyín méjèèjì yọ, tí wọ́n sì kọrí sí ọrùn ọmọbìnrin náà. Bàbá Olùkéde bojú wo ìyàwó rẹ̀. Táwẹ̀lì ń gbọ̀n rìrì. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní ń yọ ọfà lápó. Iṣẹ́ àtijọ́ gbé bàbá náà wọ̀.

"Ó fẹ́ sọ nǹkan kan fún un létí," ó kéde.

Nínú tẹlifíṣàn, ọmọbìnrin náà figbe ta.

"Kí ló sọ fún un?" Ìyá Àyẹ̀wò béèrè.

"Ìròyìn ayọ̀ ni."

"Ariwo yẹn mà pọ̀ jù fún ìròyìn ayọ̀."

"Ayọ̀ ńlá ni," ni Bàbá Olùkéde wí. "Ó ti dùbúlẹ̀ báyìí. Ó fẹ́ fara balẹ̀ rò ó."

Bí irọ́ bá ti gbé ẹsẹ̀ kan, èkejì kì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọkùnrin náà wọ inú pósí, Bàbá Olùkéde ní ó ti lọ sùn, ibùsùn rẹ̀ ní ìdérí nítorí ẹ̀fọn. Nígbà tó gbé ife ẹ̀jẹ̀ sẹ́nu, ó ní omi èso ló ń mu, ó sì jọ pé ó dùn mọ́ ọn. Àdán tó ń fò kiri di ẹyẹ ilé. Àwọn ará abúlé tó gbé igi àti iná wá láti pa á di àwọn aládùúgbò tó wá kí i, tí wọ́n gbé àtùpà dání torí ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà tí oòrùn wá bá amùjẹ̀ náà lójú ọ̀nà, tó jóná di eérú, Bàbá Olùkéde kọ́kọ́ wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá ní ọkùnrin náà ti rin ìrìn àjò. Ó lọ lójijì, ó fi eruku díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń gbá a.

Nígbà tí Ìyá Àyẹ̀wò ṣí táwẹ̀lì kúrò, omi wà lójú rẹ̀. Ó dùn ún pé ọkùnrin náà kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Kò kọ ọ́ wẹ́rẹ́. Òfin ara ògiri yẹn ń fà á láṣọ, pé kò fojú ara rẹ̀ rí i. Ó wá bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé àtìgbà tí òun àti ọkọ òun ti wà pa pọ̀, ojú wọn ti di ọ̀kan, ẹni tó bá fi ojú ọkọ rẹ̀ wo fíìmù kò fi ojú àjèjì wò ó. Pẹ̀lú èyí, ó mú gègé.

"Fíìmù ọmọlúàbí ni," ó kọ. "Ọkùnrin onítìjú kan ló wà nínú rẹ̀ tí kì í rí oorun sùn lóru, tó ń ti ilé dé ilé láti sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sí àwọn èèyàn létí. Ọ̀rọ̀ náà máa ń wọ̀ wọ́n lára débi pé dídùbúlẹ̀ ni wọ́n ń dùbúlẹ̀. Mo rọ àwọn tó ń kan bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n lọ wo ibùsùn onídèérí tó ń lò. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé bí inú àwọn èèyàn ibẹ̀ bá dùn, wọ́n ń pariwo jù. Ẹ gbé e wálé fún àwọn ọmọ, fún ìyá ọkọ, àti fún ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá. Àpótí rẹ̀ kì í fọ́, omi kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan."

Ìwé ìròyìn jáde, àwọn èèyàn kà á, wọ́n tú yáyá lọ ra àwo. Ẹni tí kò purọ́ nípa kẹ́tùlù rí, kí ló fẹ́ purọ́ nípa fíìmù fún? Kò pẹ́ tí àwo náà fi tán ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìgboro. Lẹ́yìn ìyẹn, kò pẹ́ náà tí ọ̀rọ̀ fi dojú rú.

Ìyàwó ilé kan rà á fún ìyá ọkọ rẹ̀, kí àlàáfíà lè wà láàárín wọn. Ìyá ọkọ wò ó dé ìlàjì, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní òun ti mọ ohun tí ìyàwó yìí ní lọ́kàn tipẹ́. Onígbàjámọ̀ kan ní tiẹ̀ gbé e sórí tẹlifíṣàn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ara lè tu àwọn oníbàárà. Ọkùnrin kan wà lórí àga tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí eyín tó ń bọ̀ wá sí ọrùn. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó rí abẹ tó ń bọ̀ wá sí ọrùn tiẹ̀. Ó fò dìde, ó gba ojú ọ̀nà lọ, tòun ti aṣọ funfun tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn tó pàdé rẹ̀ ní títì, tí ìdajì orí ń dán, tí aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn, ń ṣe ni àwọn náà yí padà, wọ́n ń sá lọ síwájú rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Àyẹ̀wò máa fi dé ibi iṣẹ́, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà. Olóòtú pè é wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ wo fíìmù yìí?"

"Mo jókòó síwájú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀gá."

Olóòtú rọra sọ fún un pé òun náà ti lọ wò ó lánàá, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ọkùnrin náà ń mu. Ó mu ún lálẹ́, ó mu ún lóru, nígbà tó yá ó ń fi ife mu ún. Ìyá Àyẹ̀wò wá àga, ó jókòó. Ó tọrọ ààyè pé òun fẹ́ dé ilé.

Ọkọ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bomi rin òdòdó.

"Bàbá wọn," ni Ìyá Àyẹ̀wò wí, "ọkùnrin tó rin ìrìn àjò yẹn, ibo ló lọ?"

Bàbá Olùkéde gbé agolo omi sílẹ̀. "Ìdádúró díẹ̀ máa wà lórí ìdáhùn yẹn."

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ó jóná," ni Bàbá Olùkéde wí, kì í sì í ṣe ohùn ibùdókọ̀ ló fi sọ ọ́. "Ó di eérú. Mi ò rí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ. Táwẹ̀lì ń gbọ̀n."

Ìyá Àyẹ̀wò wọlé lọ. Kì í ṣe irọ́ ọkọ rẹ̀ ló dùn ún jù, torí ó mọ̀ pé àánú ló mú kó pa á. Èyí tó dùn ún ni pé òun tí kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníkẹ́tùlù gbọ́ rí, lábẹ́ táwẹ̀lì ló ti kọ èyí. Ó bínú sí ara rẹ̀, ó sì fi díẹ̀ lára ìbínú náà lé ọkọ rẹ̀ lórí. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kéde ohunkóhun nínú ilé yìí mọ́. Bí tíì ṣe hó gbẹ lórí iná nìyẹn, tí kẹ́tùlù jó dúdú. Àlejò kan wá, ó kan ilẹ̀kùn títí, ó sì padà lọ, torí Bàbá Olùkéde jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ìyá Àyẹ̀wò kó gbogbo tìmùtìmù tó wà nílé jọ, ó yá ti aládùúgbò kún un, ó tò wọ́n yí àga rẹ̀ ká. Ó fún ọkọ rẹ̀ ní abẹ̀bẹ̀ àti omi tútù, ó ní kó má sọ̀rọ̀. Ó wá tẹ fíìmù. Táwẹ̀lì wà lórí okùn níta.

Bí eyín ṣe kan ọrùn, tí pupa yọ, ó ṣubú. Tìmùtìmù gbà á. Ọkọ rẹ̀ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó jí, ó dá fíìmù padà sẹ́yìn. Ó tún ṣubú. Ó tún jí, ó tún dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tètè ṣubú, ó sì ráyè wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Pupa yẹn kọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Ó sún mọ́ tẹlifíṣàn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ọ̀dà ni. Ọ̀dà pupa ni, irú èyí tí kì í tètè gbẹ, tó ti bá jà nínú ìwé ìròyìn rí torí pé ó lẹ̀ mọ́ ọn níbàdí nígbà tó jókòó lórí àga tí wọ́n fi kùn.

Láti ìgbà náà, gbogbo nǹkan ni ojú rẹ̀ ń rí. Ó rí okùn tí wọ́n so mọ́ àdán. Ó rí òkú tó wà nínú pósí tó ń họ imú. Nígbà tí amùjẹ̀ fẹ́ gé ìyá àgbà kan jẹ, eyín rẹ̀ kan já bọ́, ó fi ètè há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tó ń jẹ iṣu gbígbóná. Ẹ̀rín gbé Ìyá Àyẹ̀wò, ó ṣubú sáàárín tìmùtìmù, ó ń ta ẹsẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rò pé dídákú ló dákú, ó da omi tútù lé e lórí.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ó ní, bí omi ṣe ń kán lágbọ̀n rẹ̀. "Ẹ wo eyín!"

Àwọn méjèèjì wá jókòó sórí tìmùtìmù, wọ́n wò ó dópin. Nígbà tí amùjẹ̀ jóná, Ìyá Àyẹ̀wò di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, àmọ́ kò wo ẹ̀gbẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ó kọ òmíràn. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé. Ó ní fíìmù tí òun kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ kò sí nínú àwo, ẹnu ọkọ òun ló wà. Èyí tó wà nínú àwo, òkú ló ń mu ọ̀dà nínú rẹ̀, eyín rẹ̀ ò dúró dáadáa, kò sì yẹ kí wọ́n fún ìyá ọkọ. Ó kọ bí òun ṣe da táwẹ̀lì borí, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n lé e bí wọ́n ṣe lé e nídìí ìkòkò.

Wọn ò lé e. Ohun tí àwọn òǹkàwé ń béèrè ni ibi tí wọ́n ti ń ta fíìmù ẹnu ọkọ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ alára wá sílé wọn, ó jókòó sẹ́bàá àga, ó ń fi fìlà fẹ́ra. Ó ní láti ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, àwọn oníbàárà òun ń gba ìta ṣọ́ọ̀bù kọjá bí ẹni tó rí ejò. Ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kí wọ́n wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, kí òun pa ohùn rẹ̀, kí wọ́n wá máa sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún Ìyá. Bàbá Olùkéde bojú wo ìyàwó rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, torí òfin ṣì wà nílẹ̀.

"Ẹ dá a lóhùn," ni Ìyá Àyẹ̀wò wí. "Mo ti ká òfin kúrò. Kẹ́tùlù tí mo fẹ́ràn jù ló jóná."

Bí Bàbá Olùkéde ṣe tún rí ẹ̀rọ gbohùngbohùn dì mú nìyẹn, ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Àwọn èèyàn kó ìyá wọn wá, wọ́n kó ọmọ wá. Ìyàwó ilé ọjọ́sí mú ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá, ìyá ọkọ sì jókòó, ó kàn fi àga kan sí àárín àwọn méjèèjì. Iwájú pátá ni Ìyá Àyẹ̀wò máa ń jókòó, ojú rẹ̀ á sì là kedere. Bí eyín bá yọ, tí ọkọ rẹ̀ bá kéde pé ọkùnrin yìí fẹ́ sọ nǹkan síni létí, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á fọwọ́ bo ojú, wọ́n á bi í bóyá lóòótọ́ ni. Irọ́ kì í sì í ti ẹnu rẹ̀ jáde. Á ní, "Ohun tí ọkọ mi sọ lẹ gbọ́ yẹn."

Gbogbo ará àdúgbò ni inú wọn dùn sí ètò yìí. Onígbàjámọ̀ nìkan ló ń ṣàròyé díẹ̀díẹ̀, pé lóòótọ́ ni ṣọ́ọ̀bù òun ń kún ní Sátidé, kò sì sí ibi téèyàn lè fi ẹsẹ̀ sí, àmọ́ nígbà tí òun wò wọ́n dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló pá lórí.